Ẹ Jẹ́ Kí Ògbufọ̀ Sọ̀rọ̀ Sókè

Ìwé kan tẹ àwa olùkọ́ lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìtọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. Kò gùn ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó pa á láṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àmì ohùn sí orí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi àmì sí abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí, "kọ̀ǹpútà kò gba àmì Yorùbá." A kà á lẹ́ẹ̀kan, a tún un kà, a sì fi í sí àpò. A kò ní dárúkọ ọ́fíìsì tí ìwé náà ti jáde wá, nítorí kì í ṣe ẹnìkan ni a fẹ́ dójú tì. Ẹjọ́ ni a fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé Ẹgbẹ́ yìí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sí i títí dé òpin, bí apá kan rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ó lè ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó ti ṣe àjèjì sí àwa náà rí.

Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ẹ̀yin ni ọ̀ràn yìí kọ́kọ́ kàn. Bí a bá kọ orúkọ ìlú yín láìsí àmì lórí àti lábẹ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkà tí àgbẹ̀ kó sí àká ni, tàbí ọ̀kà tí a fi ọbẹ̀ jẹ lálẹ́, tàbí ọká tí ń lúgọ nínú koríko de ẹsẹ̀ ẹni? Àkókó fúnra rẹ̀ kò yè bọ́. Bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ó di àkókò tí aago ń kà. Ó di akòko tí a já ewé rẹ̀ lé yín lórí ní ọjọ́ tí ẹ jẹ oyè. Ẹni tí ó ní kí a pa àmì rẹ́ lè rò pé eruku ni òun gbọ̀n kúrò lára aṣọ. Aṣọ gan-an ni ó fà ya. A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ èyí tí a ń wí láti inú ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Nínú gbólóhùn, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé orúkọ, kò sí gbólóhùn. Orúkọ dá dúró nínú àpótí rẹ̀, kò sì ní ẹlẹ́rìí kankan ní ọ̀tún tàbí ní òsì ju àmì tí ó wà lára rẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ ìwé kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ní 1875 àwọn òjíṣẹ́ ìjọ péjọ ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà. Ní 1974 ìjọba fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Àwa tí a bá tàípúráítà dàgbà sì mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Kí ni a ń ṣe? Nígbà tí ìwé bá jáde, a ń mú pẹ́ẹ̀nì, a ń to àmì náà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé ogún. Ẹ̀rọ tí ó kéré sí èdè wa ni a fi ọwọ́ ràn lọ́wọ́ nígbà náà. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ti tó èdè wa gbé, ni wọ́n wá ní kí a gé èdè náà kúrú.

A kò dá ìwé náà lóhùn lọ́jọ́ tí a rí i gbà, nítorí ìbínú kì í kọ ìwé dáradára. A lọ bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ náà kí ó fi ọ̀nà tí orúkọ ń gbà hàn wá, láti ọwọ́ akọ̀wé tí ó tẹ̀ ẹ́ títí dé ibi tí a pa á mọ́ sí. Ohun tí a rí rèé.

Orúkọ kì í sùn nínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn-awọ mọ́. Inú dátábéèsì ni ó ń sùn, èyí tí àwa yóò máa pè ní àká, nítorí iṣẹ́ àká ni ó ń ṣe: a kó nǹkan sínú rẹ̀ ní ìgbà ìkórè, a sì ń bù ú jáde bí a ti ń fẹ́. PostgreSQL ni orúkọ àká tiwa. Ètò tí akọ̀wé ń lò kò gbọ́ èdè àká yìí, tí a ń pè ní SQL. Àká pẹ̀lú kò mọ ohun tí ètò ń pè ní akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà ni a ṣe fi ògbufọ̀ kan sí àárín wọn. DBIx::Class ni ògbufọ̀ náà ń jẹ́. Matt Trout ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005, ó sì gun èjìká ògbufọ̀ àgbà kan, DBI, tí Tim Bunce ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àká di ohun kan tí ètò lè bá sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ènìyàn sọ̀rọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ìlú rẹ̀, ọdún tí a bí i. Ètò yóò wí pé, "Fún mi ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ìkàrẹ́ wá". Ògbufọ̀ yóò yí i sí SQL. Àká yóò dáhùn. Ògbufọ̀ yóò sì yí ìdáhùn náà padà.

Èdè Perl ni a fi kọ ògbufọ̀ méjèèjì. Ó yẹ kí àwa tí a ń wàásù mọ èyí: Larry Wall, tí ó dá Perl sílẹ̀ ní 1987, kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò wá èdè kan tí a kò tíì kọ sílẹ̀ rí, bóyá ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí wọ́n sì fún un ní àkọtọ́. Àìlera ni kò jẹ́ kí ó lọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà: ohun èlò tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n ní kò lè gbé àmì èdè Áfíríkà.

Ẹ̀yin àgbà, kò yẹ kí a máa kọ́ yín ní ohun tí ògbufọ̀ jẹ́. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó ń dúró láàárín Ajẹ́lẹ̀ àti àwọn baba yín. Olóyè sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ yí i. Ajẹ́lẹ̀ dáhùn, ògbufọ̀ yí i padà. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, olóyè yóò wí pé Ajẹ́lẹ̀ ni, Ajẹ́lẹ̀ yóò wí pé olóyè ni, ògbufọ̀ yóò sì dákẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọlọgbọ́n tí ó bá fura a máa mú ẹlòmíràn tí ó gbọ́ èdè méjèèjì wọlé, kí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ó máa fetí sílẹ̀. Ohun tí a wá sọ lónìí ni pé àwọn tí ó kọ DBIx::Class ti pèsè ọ̀nà láti mú kí ògbufọ̀ tiwọn sọ̀rọ̀ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé yóò gbọ́, láìfọwọ́ kan lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ètò náà. Àwọn tí ó kọ ìwé òfin sí wa kò lo ọ̀nà náà. Wọ́n dá olóyè lẹ́bi láìbi ògbufọ̀.

Ọ̀nà náà ni ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní environment variable. Àwa yóò pè é ní àṣẹ àyíká. Ó ti wà láti ìgbà Unix ti 1979, èyí tí a ń pè ní Version 7, tí ó jáde láti Bell Labs ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ohun àràmàǹdà kan. Ọ̀rọ̀ méjì ni tí a fi àmì ìbádọ́gba so pọ̀, orúkọ ní òsì, iye ní ọ̀tún, tí a gbé kalẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi wé ẹrù tí ìyá dì fún ọmọ tí ń lọ sí oko. Ohun tí ìyá dì ni ọmọ bá nínú ẹrù nígbà tí ó dé oko. Bí ọmọ bá fi iṣu kún un lóko, iṣu náà kò dé ọwọ́ ìyá nílé. Bí ìyá bá sì rántí iyọ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ, iyọ̀ náà kò lè bá a lọ́nà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó tàn wá jẹ.

Fún ògbufọ̀ tiwa, orúkọ àṣẹ náà ni DBIC_TRACE. Bí a bá fi DBIC_TRACE=1 sí àyíká, gbogbo ọ̀rọ̀ SQL tí ògbufọ̀ bá sọ fún àká ni yóò tún máa sọ sí ojú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwọn orúkọ gan-an tí ó gbé dání. Bí a bá kọ ọ́ ní DBIC_TRACE=1=ogbufo.txt, inú ìwé tí ń jẹ́ ogbufo.txt ni yóò máa kọ ọ́ sí, kí a lè fi awò sójú kà á ní ìrọ̀lẹ́. Ògbufọ̀ àgbà ní tirẹ̀ pẹ̀lú, DBI_TRACE, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti mu ẹmu yó, a kò sì gba ẹni tí kò ní sùúrù nímọ̀ràn láti ṣí i.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ti dákẹ́, àwa àti ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, a fi DBIC_TRACE=1 sí àyíká, a sì pe ètò náà láti orí tábìlì tiwa. A fi orúkọ ìlú méjì tí a mọ̀ dáradára wọlé. Ìlà tí ògbufọ̀ sọ jáde rèé:

INSERT INTO akekoo ( ilu ) VALUES ( ? ): 'Ìkàrẹ́'

Àmì orí wà níbẹ̀, àmì abẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀kà tẹ̀ lé e, òun náà pé pérépéré. A lọ sí yàrá kejì níbi tí a ti ń tẹ èsì ìdánwò jáde láti inú àká kan náà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, Ìkàrẹ́ jẹ́ Ìkàrẹ́, Ọ̀kà jẹ́ Ọ̀kà. A dúpẹ́, a sì lọ sílé bí ẹni tí ó ti ṣẹ́gun. Ìwàásù ọjọ́ kejì tilẹ̀ dùn lẹ́nu wa.

Ní ọjọ́ Ajé, akọ̀wé tẹ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé. Lójú tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ní yàrá ìtẹ̀wé, ó tún ti bàjẹ́. Ibi tí ẹ gbé wà nínú Ìkàrẹ́, áº¹ ni a bá níbẹ̀. Ibi tí ṣ gbé wà nínú orúkọ ọmọ, á¹£ ni a rí: àmì owó pọ́n-ùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí àárín orúkọ ọmọ Yorùbá! A rẹ́rìn-ín, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó yẹ kí a rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni ohun tí àwọn tí ó kọ òfin náà rí tí wọ́n fi pariwo pé kọ̀ǹpútà kò gba àmì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan tí wọn kò ṣàkíyèsí: nígbà gbogbo ni ẹ ń di áº¹, nígbà gbogbo ni ṣ ń di á¹£, kò yí padà rí. Ohun tí ń bàjẹ́ lásán kì í bàjẹ́ lọ́nà kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ òdì ni èyí, ẹni tí ó sì ń túmọ̀ lódì nígbà gbogbo ní ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ti wa fi dára ní Sátidé tí ti akọ̀wé sì bàjẹ́ ní ọjọ́ Ajé? Ọ̀rọ̀ iyọ̀ nì ni. Ètò tí a pè láti orí tábìlì wa gba ẹrù tí àwa dì fún un. Ètò tí akọ̀wé ń lò kì í ṣe ọmọ wa. Kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀ ni ó ń bí i ní gbogbo ìgbà tí a bá ti tan iná sí i, láti inú ìwé ìlànà kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹrù tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ohun tí a ń sọ lórí tábìlì wa kò lè dé etí rẹ̀. Ní ẹ̀rọ Linux, a lè ka ẹrù tí ètò kọ̀ọ̀kan gbé dání lábẹ́ /proc, nínú ìwé tí ń jẹ́ environ. A kà á. Láàárín ogunlọ́gọ̀ ìlà ni a ti rí èyí:

PGCLIENTENCODING=LATIN1

A wá fi DBIC_TRACE sínú ẹrù ètò yẹn gan-an, a pa á, a sì tún un tan kí ó lè gbé ẹrù tuntun. Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ sókè: orúkọ tí ó fi lé àká lọ́wọ́ pé, àmì rẹ̀ sì pé. Nítorí náà, kì í ṣe akọ̀wé ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe ètò, kì í ṣe ògbufọ̀. Ẹnu-ọ̀nà àká ni ọ̀ràn wà. PGCLIENTENCODING ni ó ń sọ fún PostgreSQL irú àkọtọ́ tí àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn ń lò. Àlejò ń bọ̀ pẹ̀lú UTF-8, ìlànà tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, tí ó lè gbé gbogbo lẹ́tà ayé. Nínú rẹ̀, ẹ gba báìtì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n a ti sọ fún àká pé LATIN1 ni àlejò ń sọ, nínú èyí tí báìtì kan jẹ́ lẹ́tà kan. Àká gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Ó ka báìtì mẹ́ta ti ẹ bí lẹ́tà mẹ́ta, ó sì pa wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé bá tún béèrè orúkọ náà pẹ̀lú LATIN1 kan náà, àká a dá báìtì mẹ́ta padà fún un, wọn a sì di ẹ lójú rẹ̀. Nítorí náà ni akọ̀wé kò fi rí àìsàn kankan. Yàrá ìtẹ̀wé, tí ń sọ UTF-8 tòótọ́, ni ó ń rí ohun tí ó wà nínú àká ní ti gidi.

Kí sì ni LATIN1? Àkójọ lẹ́tà 191 tí a tò fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ni. É ti Faransé wà níbẹ̀, ñ ti Sípéènì wà níbẹ̀, ß ti Jámánì wà níbẹ̀. Ẹ kò sí níbẹ̀, ọ kò sí níbẹ̀, ṣ kò sí níbẹ̀. A kò bínú sí àwọn tí ó tò ó. Ilé ara wọn ni wọ́n kọ́. Ẹni tí a bínú sí ni ẹni tí ó kó wa sínú ilé náà, tí orí wa kan àjà, tí ó sì wí pé ìwọ ni o ga jù.

A pa lẹ́tà LATIN1 mẹ́fà rẹ́, a kọ UTF8 sí ipò rẹ̀. A tún ètò tan. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí akọ̀wé bá tẹ̀ ni yàrá ìtẹ̀wé ń rí. Òfin ìlà mẹ́rin tí ó fẹ́ gba orúkọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa títí ayé, lẹ́tà mẹ́fà ni ìdí rẹ̀.

Kí a má baà purọ́, ọ̀ràn kan wà tí àṣẹ àyíká kò wò sàn. Ẹ́ kò ní ibùgbé tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹ ni a ń kọ, kí a tó gbé àmì ohùn lé e. Bọ́tìnnì ẹlòmíràn lè gbé é kalẹ̀ ní é, kí ó tó fi àmì sí i lábẹ́. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni méjèèjì. Lójú àká, wọn kì í ṣe ọ̀kan, wíwá orúkọ a sì máa kùnà. Ètò ni ó ní láti sọ wọ́n di ọ̀kan kí ó tó kó wọn sí àká. Láti 2020, PostgreSQL fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà láti ṣe é. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti pa èdè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òfin náà, nítorí ibi tí ó burú sí jù lọ kò tíì hàn. Orúkọ tí LATIN1 bà jẹ́ kò sọnù. Báìtì rẹ̀ pé. Wọ́n kàn wọ aṣọ òdì ni. A ní kí àká yí àwọn orúkọ àtijọ́ wọ̀nyẹn sí LATIN1, kí ó sì tún wọn kà bí UTF-8, wọ́n sì jáde bí ẹni tí ó jí lójú oorun, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Ìrọ̀lẹ́ kan ni iṣẹ́ náà gbà, ìdajì rẹ̀ ni a sì fi ń ṣe ẹ̀dà àká náà kí a tó fọwọ́ kàn án, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí akọ̀wé tẹ̀ láìsí àmì ní ìgbọràn sí òfin náà, kò sí àṣẹ tí ó lè mú un padà. Kò sí ohun tí a pa mọ́ níbẹ̀ tí a lè ṣí. Àrùn náà ní oògùn. Ohun tí wọ́n pè ní oògùn ni kò ní oògùn.

Wọ́n ti dá wa lóhùn lẹ́nu, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní àwọn àjọ tí a ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí kì í béèrè àmì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n béèrè. Ìṣẹ́jú kan ni ètò yóò fi bọ́ àmì kúrò lára ẹ̀dà tí ń lọ sí òde. Ẹni tí ó ní aṣọ lè bọ́ ọ nígbà tí ó bá fẹ́ wẹ̀. Èwo ni ti kí a wá sun aṣọ náà? Láti inú orúkọ alámì a lè rí aláìlámì nígbà gbogbo. Láti inú aláìlámì, ẹ̀rọ lè méfò, kò lè mọ̀ dájú, a kò sì bí ọmọ kan kí a máa méfò orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó gbọ́n, mú àbá mìíràn wá. Ó ní bí àyíká bá lè fi ohun tí ó léwu bẹ́ẹ̀ pamọ́, kí a kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sínú ètò fúnra rẹ̀, kí ó wà ní gbangba. A bọ̀wọ̀ fún un, a kò sì gbà. Ètò kan náà ni a ń lò ní yàrá akọ̀wé, ní yàrá ìtẹ̀wé, àti lórí tábìlì ìdánwò níbi tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àká gidi. PGHOST àti PGDATABASE ni ó ń tọ́ka àká tí ó tọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí a bá kọ ibùgbé àká sínú ètò, ètò mẹ́ta ni a ó máa tọ́jú, wọn yóò sì máa tako ara wọn bí ọmọ ìyá mẹ́ta lórí ogún. Ọ̀rọ̀ ìwọlé ńkọ́? Bí ó bá wà nínú ètò, gbogbo ẹni tí ó bá gba ẹ̀dà ètò ti gba kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí ó ṣe PostgreSQL kò tilẹ̀ gbà wá níyànjú láti fi í sí àyíká lábẹ́ PGPASSWORD, nítorí pé lórí ẹ̀rọ mìíràn ojú àjèjì lè rí i; wọ́n ní kí a fi í sínú ìwé tí ẹni tí ó ni ín nìkan lè kà, kí PGPASSFILE sì tọ́ka sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni DBIC_TRACE: ìwé tí ògbufọ̀ ń kọ sí ní orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ nínú. Nígbà tí a gbọ́ ohun tí a fẹ́ gbọ́ tán, a pa á lẹ́nu mọ́, a sì pa ìwé náà rẹ́. Ògbufọ̀ tí ń pariwo tọ̀sán-tòru di olófòófó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa tọ́ ní ibì kan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń ta wá lára. Àyíká kì í hàn sójú. Lẹ́tà mẹ́fà wọ̀nyẹn wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe. Àwa olùkọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í fi àmì sí orúkọ ara wa nígbà tí a bá ń fi ọwọ́ sí ìwé. A ti rí ìwé ìpè sí ayẹyẹ oyè, láti ọwọ́ àwọn tí ń pariwo àṣà jù lọ, tí kò ní àmì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kọ òfin náà kò wulẹ̀ dá a rò. Ó wò wá, ó sì rí i pé a kò ní bínú.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ yìí kò pọ̀. Kí a gba òfin ìlà mẹ́rin náà padà ní kíkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́. Kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wa wà nínú rẹ̀ ní ìwé kan, ìwé gidi tí ó ní ẹ̀yìn líle, nínú èyí tí a kọ gbogbo àṣẹ àyíká tí ètò orúkọ ń gbé, ẹni tí ó fi í síbẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá wá wo ìwé náà, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, kò sì jìnnà sí Ọ̀kà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún wí pé kọ̀ǹpútà kò gba nǹkan Yorùbá kan, kí ó mú ohun tí ògbufọ̀ sọ wá, ní kíkọ, kí a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn orúkọ tí a tẹ̀ láìsí àmì kí a tó rí àrùn náà, àwa àti olùkọ́ méjì yóò mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ní ìsinmi Kérésìmesì, a ó gba Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, láti ilé dé ilé. Ẹ̀yin òbí, bí a bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kọ orúkọ ọmọ náà fún wa. Ẹ pè é bí ẹ ti ń pè é nígbà tí oúnjẹ bá délẹ̀, kí a gbọ́ ọ, kí a sì kọ ọ́.